Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: Honda C70 ayé Údójì

Bí mo ṣe bá máṣíìnì náà rèé: Honda C70 oníná 6V, búlúù rẹ̀ ti ṣá di àwọ̀ eérú, táyà méjèèjì ti jẹrà mọ́lẹ̀, eku ti bímọ sínú ìjókòó, sàléńsà sì ti lu jára bí ajere. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n gbé e tì sí ní Ìṣẹ́yìn, lábẹ́ páànù, wọ́n to àpò àgbàdo lé e lórí. Nígbà tí mo fi èékánná ha ìdọ̀tí kúrò lára ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ fi C70E bẹ̀rẹ̀, inú mi sì dùn pé kò sẹ́ni tó ti fi ẹ́ńjìnnì mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín. Owó Údójì ló fi rà á. Àwọn tó bá dàgbà tó á rántí: ìgbìmọ̀ Údójì dábàá owó oṣù tuntun fún òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́dún 1974, nígbà tó fi máa di 1975 ìjọba san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ lápapọ̀, rédíò àti fáànù àti máṣíìnì sì wọ ilé tí wọn ò wọ̀ rí. Máṣíìnì tíṣà ni C70 lóòótọ́. Kò sí kílọ́ọ̀ṣì tí èèyàn ń fọwọ́ fún, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń ki gíà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ike ńlá funfun wà níwájú tí kì í jẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sí ṣòkòtò. Inú àpótí irin ni ṣéènì rẹ̀ wà, kò lè fa aṣọ. Táǹkì epo ò sì sí láàárín itan, abẹ́ ìjókòó ló wà, ìdí nìyẹn tí àwọn nọ́ọ̀sì àti tíṣà obìnrin fi ń fi ìró àti síkẹ́ẹ̀tì gùn ún, tí àwọn kan sì ń pè é ní máṣíìnì obìnrin.

Mo bi bàbá pé, "Bàbá, kí ló ṣe é kẹ́ ẹ tó gbé e tì?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ojú mi ni kò ríran mọ́, ọmọ mi. Mo gùn ún ti oko dé, mo gbé e sídìí ògiri, ó tán."

Ìdáhùn yẹn ló mú kí n rà á. Máṣíìnì tí wọ́n gbé tì nítorí pé ó bàjẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni èèyàn máa tún un ṣe: ohun tó kọ́kọ́ bà á jẹ́, àti ohun tí àpatì fi kún un. Èyí tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ìdí ògiri, ohun tí ọ̀rinrin àti eku ṣe nìkan ló kù láti wò.

Jẹnẹrétọ̀ ni iṣẹ́ mi n'Íbàdàn, kì í ṣe máṣíìnì. Èmi àti ẹ́ńjìnnì kékeré jọ máa ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ò ní táyà, kò sì ní búréèkì. Torí náà mo fi òfin kan lélẹ̀ kí n tó tú nọ́ọ̀tì kankan. Ohun tó jẹ́ pé tó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, máṣíìnì á kàn dúró ni, mo lè fi ohunkóhun tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù dọ́gbọ́n sí i. Ohun tó jẹ́ pé tó bá bàjẹ́, máṣíìnì ò ní dúró, mi ò ní dọ́gbọ́n kankan níbẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ yìí, òfin yẹn ni mo fi ń dá wọn sọ́tọ̀.

Ẹ́ńjìnnì tó gan

Mo tú púlọ́ọ̀gì, mo ki sípánà bọ nọ́ọ̀tì fíláíwíìlì lápá òsì, mo yí i síwájú. Kò mì. Mo yí i sẹ́yìn, kò mì. Písítìn ti gan mọ́ inú búlọ́ọ̀kù.

Mo lọ pe bàbá mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa, àgbàlagbà tó ti fọwọ́ kan gbogbo irú máṣíìnì tó ti gba títì Ìbàdàn kọjá. Kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ bá mi wò ó dáadáa, sà."

"Mo ti wò ó. Àbúrò, fún un ní dísù mu, kó o lọ jẹun. Tó bá yó, á dìde."

Ṣùgbọ́n èèyàn ò kàn lè da dísù sí C70 bẹ́ẹ̀. Búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kò dúró lóòró, ńṣe ló fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tí orí rẹ̀ kọjú sí táyà iwájú. Tí a bá da nǹkan síhò púlọ́ọ̀gì, ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa rọ́ sí, òkè á wà ní gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ òkè yẹn lè jẹ́ ibi tó gan gan-an. Mo yọ bátìrì àti táǹkì, mo fa ọ́ìlì ìsàlẹ̀ jáde, mo gbé gbogbo máṣíìnì náà dìde dúró lórí táyà ẹ̀yìn, mo fi okùn dè é mọ́ igi máńgòrò. Báyìí ni búlọ́ọ̀kù ṣe kọjú sókè. Mo wá rọ dísù àti ọ́ìlì pupa gíà ọ́tò, ìdajì fún ìdajì, títí tó fi dé ẹnu ihò. Àwọn aládùúgbò ń bi mí bóyá ètùtù ni.

Mi ò fi òòlù kan ohunkóhun. Tí ohun tí mo rọ bá fà, mo rọ òmíràn sí i, mo sì ń fi sípánà dán an wò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ síwá sẹ́yìn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó dún kẹ́, ó sì sún. Ẹni tó bá rí i báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yí i lọ yí i bọ̀. Ìpẹtà tó wà lára búlọ́ọ̀kù á fá písítìn. Orí ẹ́ńjìnnì ni kẹ́ ẹ tú.

Nígbà tí mo tú u, ìlà ìpẹtà kan wà yípo inú búlọ́ọ̀kù níbi tí òrùka písítìn jókòó sí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Èékánná mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò jin. Mo wé sánpépà 400 mọ́ igi roboto, mo fi ọ́ìlì sí i, mo ń yí i bí mo ṣe ń tì í wọlé tí mo ń fà á jáde kí ojú rẹ̀ lè rí ìlà tó dábùú ara wọn, nítorí inú ìlà wọ̀nyẹn ni ọ́ìlì máa ń dúró sí. Lẹ́yìn náà mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ títí aṣọ funfun fi jáde ní funfun. Epo bẹntiróò nìkan kì í kó èérún sánpépà tán.

Písítìn ṣì dára. Òrùka rẹ̀ ni kò dára, méjì nínú wọn ti lẹ̀ mọ́ ojú ihò wọn, ọ̀kan sì kán nígbà tí mo ń yọ ọ́. Ibi tí ẹbí C70 ti wúlò nìyí. Ọdún 1958 ni Honda gbé Super Cub àkọ́kọ́ jáde, nígbà tó fi máa di 2017 wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ nínú ẹbí yìí, àwọn ará Ṣáínà àti Pakistan sì ń ṣe ẹ́ńjìnnì tó jọ ọ́ títí dòní. Honda CD70 tí wọ́n ń ṣe ní Pakistan, fífẹ̀ búlọ́ọ̀kù rẹ̀ jẹ́ 47mm, bíi ti èyí gan-an. Torí náà nígbà tí mo dé ọjà Aráròmí ní Agodi Gate, mi ò béèrè òrùka C70. Mo béèrè òrùka 47mm.

Ọmọkùnrin tó ń tajà wo èyí tó kán lọ́wọ́ mi. "Ẹ̀gbọ́n, máṣíìnì wo lẹ fẹ́ fi èyí sí?"

Mo ní, "Èyí tó dàgbà jù ọ́ lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ inú lọ, ó mú páálí kékeré kan tí eruku bò jáde. Kí n tó fi wọ́n sára písítìn, mo kọ́kọ́ ti òrùka kọ̀ọ̀kan wọ inú búlọ́ọ̀kù lóun nìkan láti wo àlàfo tó wà láàárín ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Tí ẹnu méjèèjì bá kan ara wọn, òrùka náà á wú nígbà tó bá gbóná, á sì tún gan.

Mo ra gáàsíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, ohun tó ń dí àárín irin méjì kó má baà jò, ní tuntun. Àwọn ìyókù, páálí kọnfíléèkì ni. Èèyàn á gbé páálí lé etí irin náà, á fi orí òòlù kékeré rọra máa gbá etí yẹn yípo, irin fúnra rẹ̀ á gé páálí náà bó ṣe fẹ́. Mo fi ọ́ìlì pa á lójú kí n tó dè é. Kò jò. Àwọn wọ́ṣà bàbà tó wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, mo fi iná gáàsì sun wọ́n títí wọ́n fi pọ́n, mo jù wọ́n sómi. Bàbà tí wọ́n ti fún mọ́lẹ̀ máa ń le, iná ló ń sọ ọ́ di rírọ̀ padà kó lè tún dì mọ́ ojú irin.

Kí n tó dé e, mo fi péésìtì lọ fáàfù méjèèjì mọ́ ojú ìjókòó wọn, mo da epo bẹntiróò sẹ́yìn wọn láti wò bóyá á jò. Lẹ́yìn náà ni títo ṣéènì kékeré tó ń yí káàmù, irin tó ń ṣí fáàfù: àmì T lára fíláíwíìlì gbọ́dọ̀ kọjú sí àmì ara ẹ́ńjìnnì, àmì róbótó lára eyín káàmù náà sì gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ̀là tó wà lára orí ẹ́ńjìnnì. Eyín kan péré tó bá yẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Àlàfo fáàfù jẹ́ 0.05mm nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Mo ra ìwọ̀n tó péye fún èyí, mi ò fi bébà kankan dá a dọ́gba, nítorí kò sí bébà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi tí mo lè fi 0.05mm búra lé lórí.

Apá ọ̀tún, nínú ilé kílọ́ọ̀ṣì, ni ohun tó yà mí lẹ́nu wà. C70 ò ní fílítà ọ́ìlì bíi ti mọ́tò. Asẹ́ kékeré kan àti agolo kan tó ń yí pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì ló ní, bí agolo náà ṣe ń yí ló ń ju ìdọ̀tí mọ́ ara ògiri rẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú tó wà níbẹ̀ nípọn débi pé síbí ni mo fi kó o. Tí ẹ bá ra C70 àtijọ́, tí ẹ kàn pààrọ̀ ọ́ìlì láìṣí ibẹ̀, ìdọ̀tí ogójì ọdún lẹ fi sílẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì tó ń gbà kò tó lítà kan, ọ́ìlì yẹn náà sì ni kílọ́ọ̀ṣì ń wẹ̀ nínú rẹ̀, torí náà ọ́ìlì máṣíìnì gidi ni kẹ́ ẹ rà. Ọ́ìlì mọ́tò ìgbàlódé tí wọ́n ti fi nǹkan tó ń mú kí irin yọ̀ lára irin kún máa ń jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì yọ̀.

Iná

C70 oníná 6V ò nílò bátìrì kó tó ṣáná. Mágínẹ́ẹ̀tì tó wà nínú fíláíwíìlì ló ń pèsè iná púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀. Ẹ ò rí i pé jẹnẹrétọ̀ kékeré ni? Apá yìí ló rọ̀ mí lọ́rùn jù.

Eku ti jẹ wáyà níbi mẹ́ta, mo so wọ́n, mo jó wọn pọ̀. Ojú kọ́ńtáàtì, èyí tó ń já iná kí púlọ́ọ̀gì lè ṣáná, ti funfun. Mo fi sánpépà tó rọ̀ jù ra á, mo fi bébà tó mọ́ nù ún, mo sì fi káàdì ìpè-sí-ìgbéyàwó kan tó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi wọn àlàfo rẹ̀, nítorí 0.3mm sí 0.4mm ló yẹ kó jẹ́, mo sì ti fi ìwọ̀n gidi yẹ káàdì náà wò. Àlàfo púlọ́ọ̀gì jẹ́ 0.6mm sí 0.7mm, ayùn irin ṣe é wọ̀n. Púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀ kéré, ẹnu rẹ̀ jẹ́ 10mm, ti jẹnẹrétọ̀ ò lè wọ̀ ọ́. A7TC tí wọ́n ń fi sí àwọn máṣíìnì 110cc Ṣáínà tí búlọ́ọ̀kù wọn dùbúlẹ̀ bíi tirẹ̀ ló wọ̀.

Nígbà tí mo gbá kíìkì, iná ń ṣẹ́ yanran lójú kọ́ńtáàtì, ṣùgbọ́n èyí tó dé púlọ́ọ̀gì pupa, kò lágbára. Kọ́ńdẹ́ńsà ló kú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba iná tó fẹ́ fò lójú kọ́ńtáàtì mọ́ra; tí kò bá ṣe é, ojú kọ́ńtáàtì á jó, púlọ́ọ̀gì á sì máa gba ìṣẹ́kù. Ti C70 ò sí lọ́jà. Ti Volkswagen ìjàpá ló wà, nítorí lọ́dún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ìjàpá pọ̀ l'Ékòó nígbà náà lọ́hùn-ún, ẹ̀yà ara rẹ̀ ò sì tíì tán nínú àpótí àwọn riwáyà àgbà. Mo gé wáyà kọ́ńdẹ́ńsà àtijọ́, mo so ti ìjàpá mọ́ wáyà kan náà níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì, mo fi bóòtù de ara rẹ̀ mọ́ férémù. Iná púlọ́ọ̀gì di búlúù. Níta tó wà yẹn tilẹ̀ dára ju ti inú lọ, ooru ẹ́ńjìnnì ò débẹ̀.

Epo

Inú táǹkì ti dípẹtà. Mo da òkúta wẹ́wẹ́ àti nọ́ọ̀tì àlòkù sínú rẹ̀, mo mì í títí apá fi ń ro mí, mo dà á nù. Mo wá fún oje ọ̀sàn wẹ́wẹ́ sí omi gbígbóná, mo fi kún un, mo sì fi í sílẹ̀ títí irin fi ń hàn. Bí oje ọ̀sàn ṣe ń jẹ ìpẹtà, á máa jẹ irin náà tí a bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Omi eérú, irú èyí tí àwọn alọ́ṣẹ dúdú ń sẹ́, ni mo fi ṣán an lẹ́yìn náà kó pa kíkan yẹn, mo sì sá a sóòrùn lójú ẹsẹ̀.

Kábúrétọ̀ kò gba àkókò. Epo àtijọ́ ti di gọ́ọ̀mù nínú ihò kékeré tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí nígbà tó bá dúró jẹ́ẹ́. Òwú wáyà bàbà kan ni mo fi là á, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ máa ń fẹ ihò náà, kò sì sẹ́ni tó lè dín ihò kù.

Okùn epo méjì ló ti táǹkì lọ sí kábúrétọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹnu ìṣí epo wà. Okùn jẹnẹrétọ̀ ni mo lò. Mo rí àwọn tó ń fi okùn tí wọ́n fi ń fa omi síni lára ní ọsibítù ṣe é. Bẹntiróò máa ń sọ ọ́ di ike gígan láìpẹ́, á sán, epo á sì máa kán sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Dídúró nìkan kọ́ lèyí, jíjóná ni.

Ohun tó gbọ́dọ̀ dúró

Níbí ni àdábọwọ́ parí sí. Táyà tuntun, 2.25-17 níwájú, 2.50-17 lẹ́yìn. Ṣúù búréèkì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ láínìn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ ní tuntun. Okùn búréèkì iwájú, mo rà á. Okùn fífún-un-lépo nìkan ni mo fi wáyà kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe, mo fi léèdì jó orí rẹ̀, nítorí tí ìyẹn bá já, sípíríǹgì á ti ọ̀nà epo pa, ẹ́ńjìnnì á kàn rọlẹ̀.

Ọwọ́ iwájú C70 kì í lọ sókè-sódò nínú páìpù bíi ti àwọn mìíràn. Apá kékeré méjì ló gbé táyà, wọ́n ń yí lórí búṣì, búṣì wọ̀nyẹn sì ti jẹ tán, táyà ń gbọ̀n sọ́tùn-ún sósì. Tọ́nà kan ló bá mi fi idẹ gé mẹ́rin. Ẹnìkan bi mí pé ṣé ìyẹn kì í ṣe àdábọwọ́. Rárá. Ohun tí wọ́n fi ìwọ̀n mú, tí ó bá ihò rẹ̀ mu, tí wọ́n sì fi gíríìsì sí, ó dára bíi ti ilé iṣẹ́. Àdábọwọ́ ni ká fi aṣọ tàbí ike tẹ̀ ẹ́ títí gbígbọ̀n fi dín kù.

Sàléńsà lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, ó gé agolo gáàsì fíríìjì tó ti ṣófo, ó fi lẹ ihò rẹ̀. Kò lẹ́wà. Ilé agbọ́n oníyẹ̀pẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni mo fi irin gún jáde kó tó jó o.

Bó ṣe ń rìn

Ó gba gbígbá púpọ̀ kí epo tó dé ibi tó yẹ kó dé. Lẹ́yìn náà ó wúkọ́, ó tu èéfín búlúù tó bo gbogbo àdúgbò, ó sì dúró jẹ́ẹ́ lórí ohùn rẹ̀. Èéfín yẹn dín kù bí òrùka tuntun ṣe ń bá búlọ́ọ̀kù mọ ara wọn. Bàbá mẹkáníìkì jáde wá, ó ní, "Ó ti yó." Ó padà wọlé.

Mo gùn ún lọ sí Òkè Ààrẹ, nítòsí Layípo, ilé ìṣọ́ Bower, nítorí òkè ni màá fi mọ òótọ́. Gíà kejì ló fi gun ibi tó ga jù, kò kanra. Nígbà tí mo tú púlọ́ọ̀gì wò níbẹ̀, ojú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ bíríkì tó rọ̀: epo àti afẹ́fẹ́ bá ara wọn mu.

Bátìrì ni mi ò tíì yanjú. Mo fi bátìrì 6V, 4.5Ah, irú èyí tó wà nínú láńtánì àti fáànù onísáájì, sáyè rẹ̀, ó wọ inú àpótí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Fèrè ń dún, iná gíà ń tàn. Ṣùgbọ́n máṣíìnì yìí ò ní régúlétọ̀, iná iwájú ni wọ́n fọkàn tán láti máa jẹ iná tó bá pọ̀ jù. Tí mo bá pa iná iwájú tí mo sì sáré, mítà máa ń sún kọjá 7.5V, bátìrì tí wọ́n dé pa bí èyí kì í sì gba bẹ́ẹ̀ pẹ́ kó tó wú. Régúlétọ̀ kékeré ni mò ń tò lọ́wọ́. Kí n tó parí rẹ̀, mo ti fi wáyà de bọ́tìnì iná iwájú mọ́ ibi títàn, kí ẹni tó bá yá a lọ́wọ́ mi má baà pa á ní ọ̀sán gangan torí pé ó rò pé mo gbàgbé.